Wọ́n tún ní kí báńkì bu omi kún àmù: ṣé wọ́n ti dí ibi tó ń jò?

Akọ̀wé Owó
Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láìbínú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ (CBN) pàṣẹ pé báńkì tó bá fẹ́ máa ṣòwò dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní ₦500 bílíọ̀nù owó ìpìlẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ mọ sí Nàìjíríà nìkan, ₦200 bílíọ̀nù. Èyí tó bá fẹ́ mọ sí agbègbè kan, ₦50 bílíọ̀nù. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2026 ni gbèdéke tí wọ́n fún wọn. Èrè tí báńkì ti jẹ tó sì kó pamọ́ kò sí lára rẹ̀ o; owó tí àwọn onípìn-ín fi ra ṣíà nìkan ni wọ́n máa kà.

Lójú tèmi, àṣẹ náà dára. Bí ẹ̀yáwó bá bàjẹ́ mọ́ báńkì lọ́wọ́, owó ìpìlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jóná kí iná tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Bí èyí tó wà níwájú bá kéré, owó ìyá yín ló kàn. Ta ni kò fara mọ́ ọn, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Jẹ́jẹ́ Layé
Èmi rèé. N kò fara mọ́ ọn, torí pé a ti ṣe é rí.

Ọdún 2004, Soludo gun orí àga CBN, kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní kí gbogbo báńkì gbé owó ìpìlẹ̀ wọn láti ₦2 bílíọ̀nù lọ sí ₦25 bílíọ̀nù. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí ọdún 2005 fi máa parí, 25 ló kù. A lùlù, a jó. Wọ́n ní báńkì wa ti dàgbà, kò sẹ́ni tó lè gbé e ṣánlẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Sanusi, tó gorí àga CBN lẹ́yìn Soludo, yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo: Afribank, FinBank, Intercontinental, Oceanic, Union. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ó tún yọ mẹ́ta kún un. Mẹ́jọ nínú mẹ́rìnlélógún tó wà nígbà náà! Gbogbo wọn pátá ló ti kọjá ìdánwò ₦25 bílíọ̀nù yẹn.

Ẹ wá sọ fún mi, ṣé owó kékeré ló pa Oceanic? Àmù ńlá la rà, a ò yí ìdí rẹ̀ wò bóyá ó ń jò.

Akọ̀wé Owó (sí Jẹ́jẹ́ Layé)
Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ẹ fo ibì kan. Ẹ fi 2009 wé àwọn ọdún 1990. Ní oṣù Kìíní ọdún 1998 nìkan, báńkì 26 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. ₦50,000 péré ni NDIC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dójútòfò owó ìfowópamọ́ bí báńkì bá kú, ń san fún ẹni kọ̀ọ̀kan láyé ìgbà yẹn. Ẹni tó bá ní ₦300,000 ńbẹ̀, kó máa retí ohun tí wọ́n bá rí tà nínú àga àti tábìlì báńkì. Ní 2009, oníbàárà wo ló pàdánù kọ́bọ̀ kan? Kò sí.

Jẹ́jẹ́ Layé
Kò sí, torí pé CBN da ₦620 bílíọ̀nù sínú àwọn báńkì mẹ́jọ yẹn. Ṣé owó ìpìlẹ̀ nìyẹn? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ru ẹrù, ẹ ń ki ẹṣin.

Ẹni Tó Ṣiṣẹ́ Báńkì Rí
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. N kò ní dárúkọ báńkì náà, ẹ má sì bi mí ní inbox.

Mo wọlé ní 2006. Owó kún ilé ní àkókò yẹn, ẹ gbọ́? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó owó onípìn-ín jọ, onípìn-ín sì ń retí èrè ní ìparí ọdún. Níbo la máa fi í sí? Oníṣòwò kékeré, wàhálà rẹ̀ pọ̀, ìwé rẹ̀ kò pé. Ilé iṣẹ́, kò sí iná. Ó wá ku ọjà ṣíà àti àwọn tó ń kó epo bẹntiróòlù wọlé.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹnìkan á wá, á ní òun fẹ́ ra ṣíà. A ó yá a lówó. Kí ló fi dúró? Ṣíà kan náà ni. Bí ṣíà bá gbówó lórí, a ó tún yá a sí i, torí pé ohun ìdúró rẹ̀ ti níye lórí sí i. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ṣíà báńkì tiwa gan-an ló ń fi owó náà rà. Ẹ tún un kà: owó báńkì ló ń ra báńkì. Ṣíà wá ń ga, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́, a ní báńkì wa ń ṣe dáadáa.

Oṣù Kẹta ọdún 2008, òǹkà ọjà ṣíà wà ní nǹkan bíi 66,000. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó ti já sí nǹkan bíi 20,000. Epo rọ̀bì tó jẹ́ $147 ní oṣù Keje 2008 kò tó $40 mọ́ ní ìparí ọdún. Ẹ̀yáwó ọgọ́rùn-ún náírà tí a fi síta, ohun ìdúró rẹ̀ kù bíi ọgbọ̀n náírà. Àwọn tó sì jẹ wá ní gbèsè epo náà ń sá fún fóònù wa.

Ohun kejì rèé. Ẹ̀yáwó àwọn ẹni ńlá kì í gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Láti òkè ni fáìlì rẹ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀ wá, ìfọwọ́sí ti wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni ká jókòó, ká wá ìdí tó fi dára. Mo kọ irú ìdí bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ̀ ọ́n kọ gan-an ni.

Ẹni tó jókòó tì mí, ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, wọ́n ní kó mú ₦100 mílíọ̀nù owó ìfowópamọ́ wá láàrin oṣù mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ ń ta búrẹ́dì. Níbo ni wọ́n rò pé ó ti máa rí i?

Ọmọ Yaba
"Iṣẹ́ tiwa ni ká wá ìdí tó fi dára." Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí.

Tísà Fẹ̀yìntì
Ẹ kú àríyànjiyàn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo wà lára àwọn tó ra.

Ọdún 2007 ni. Ọmọkùnrin kan wọ kóòtù wá sí ìpàdé àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó pín ìwé fún wa, ìwé tó ń dán. Mo kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, torí pé ìṣirò ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ. Ìṣirò inú rẹ̀ pé. Èrè wà níbẹ̀, àwọn oníṣirò àgbà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fọwọ́ sí i. Mo fi ìdajì owó ìfẹ̀yìntì mi ra á. N kò mọ̀ pé ẹlòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń fi owó báńkì ra tirẹ̀.

Akọ̀wé, o ní oníbàárà kò pàdánù kọ́bọ̀. Òótọ́ ni. Àwa ńkọ́?

Akọ̀wé Owó
Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Inú mi kò dùn láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n onípìn-ín ló ni èrè, òun náà ló ni òfò. Bí wọ́n bá ń dá owó onípìn-ín padà, kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ báńkì rẹ̀ mọ́.

Tísà Fẹ̀yìntì
Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọgbà ìfowópamọ́ ni mo wọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ṣọ́ ọ? Ìwé tí wọ́n fún mi ni. Bí ọmọ kíláàsì mi bá jí ìdáhùn wò, tí mo sì fún un ní máàkì, ṣé òbí rẹ̀ lẹ máa ní kò ṣọ́ ọmọ rẹ̀?

Jẹ́jẹ́ Layé
Sà, ẹ jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ tí n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham
Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé Nàìjíríà nìkan ló ń ṣe é. Mo wà ní London ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007 nígbà tí ti Northern Rock ṣẹlẹ̀. Báńkì tó ń yá àwọn èèyàn lówó ilé ni. Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwọn òyìnbó arúgbó gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tò láti gba owó wọn jáde, àwọn mìíràn gbé tíì dání. Wọ́n ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ ní Bìrìtìkó láti ọdún 1866.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fà yọ nínú rẹ̀ jẹ́ méjì. Èkíní: owó ìpìlẹ̀ Northern Rock bá òfin mu. Kì í ṣe ibẹ̀ ló ti jò. Ọwọ́ àwọn báńkì àti ilé owó mìíràn ló ti ń yá owó tó fi ń ṣòwò, èyí tó ń yá fún ìgbà díẹ̀ ló sì fi ń yá oníbàárà lówó ilé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tí àwọn tó ń yá a lówó káwọ́ kò ní oṣù Kẹjọ, ọjà tú.

Èkejì: ìdójútòfò wà fún owó ìfowópamọ́ nígbà náà. £2,000 àkọ́kọ́, wọ́n máa san án tán. £33,000 tó bá tẹ̀lé e, wọ́n máa san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 10 tó kù yẹn ló lé bàbá àgbà jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́! Ìlà náà kò tú àfi ìgbà tí Alistair Darling tó jẹ́ mínísítà ìṣúná jáde ní ọjọ́ 17 oṣù náà, tó ní ìjọba dúró fún gbogbo owó wọn. Kò sí gírámà tó lè dá ẹni tó rò pé òun máa pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá dúró.

Ọmọ Yaba
Ṣùgbọ́n a ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn níbí o, ẹ̀gbọ́n. Oṣù Karùn-ún 2024 ni NDIC gbé tirẹ̀ láti ₦500,000 lọ sí ₦5 mílíọ̀nù. Oṣù kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank. Mo ní àkáǹtì níbẹ̀ látìgbà tí mo wà ní yunifásítì, owó inú rẹ̀ kò pọ̀. BVN mi, nọ́ńbà tó so gbogbo àkáǹtì mi pọ̀, ni wọ́n fi wá àkáǹtì mi ní báńkì mìíràn, àlẹ́ẹ̀tì dún, ó parí. N kò tò sórí ìlà kankan, n kò kọ lẹ́tà.

Akọ̀wé Owó
Ẹ ṣeun, ọmọ Yaba. Bí ₦5 mílíọ̀nù yẹn ṣe wà yìí, ó bo nǹkan bíi ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo oníbàárà báńkì tán pátápátá.

Jẹ́jẹ́ Layé
Ìdá 99 orí èèyàn. Ẹ sọ ti owó náà pẹ̀lú. Nígbà tí NDIC ń kéde rẹ̀, wọ́n ní nǹkan bíi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nílé báńkì ló bò. Ìdá 75 tó kù wà níta gbangba. Ti ta ni? Ti àwọn tó ń sanwó oṣù fún òṣìṣẹ́, ti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ti ọlọ́jà ńlá.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, NDIC bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún àwọn oníbàárà Heritage tí owó wọn ju ₦5 mílíọ̀nù lọ. Kọ́bọ̀ 9.2 lórí náírà kọ̀ọ̀kan ni àkọ́san. Ẹni tó ní ₦20 mílíọ̀nù níbẹ̀, ó gba ₦5 mílíọ̀nù, lórí ₦15 mílíọ̀nù tó kù ó gba ₦1,380,000. Wọ́n ní nígbà náà pé òmíràn ń bọ̀ bí wọ́n bá ti ń ta dúkìá, tí wọ́n sì ń gba gbèsè. Tó bá jẹ́ owó ọjà yín ni, ẹ lè dúró?

Ìyá Aláṣọ Gbági
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo ń gé àǹkárá, mo ń kà á. Ẹ̀rù ti ń bà mí wàyí. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, owó ọjà mi máa ń ju ₦5 mílíọ̀nù lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó san án fún ẹni tó ń bá wa kó aṣọ wọlé. Ṣé kí n pín in sí báńkì mẹ́ta mẹ́rin ni?

Akọ̀wé Owó
Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Báńkì kọ̀ọ̀kan ni ₦5 mílíọ̀nù rẹ̀ dá dúró fún. Àkáǹtì mẹ́ta ní báńkì kan ṣoṣo, ọ̀kan náà ni wọ́n máa kà á sí.

Ìyá Aláṣọ Gbági
Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ báńkì tó ṣubú. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n yí àwọ̀ owó padà, báńkì kankan kò ṣubú. Owó mi wà nínú rẹ̀, mo ń wò ó lórí fóònù, n kò rí ₦5,000 gbà fún owó ọkọ̀. Àwọn oníbàárà mi láti Ìṣẹ́yìn padà sílé láìrajà. Mo fi náírà ra náírà lọ́wọ́ ọmọ POS! Ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ owó, ní oṣù Kẹta, ọjà ti bàjẹ́.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi jáwọ́ nínú àjọ. Alájọ mi ń wá lójoojúmọ́, owó ọjọ́ kan lóṣù ni tirẹ̀, mo mọ̀ ọ́n.

Akọ̀wé Owó
Mà, alájọ náà ń sá lọ. Kò sí NDIC fún alájọ.

Ìyá Aláṣọ Gbági
Ó sá lọ rí. 2011. Àwa obìnrin mọ́kànlá kó ẹní, a lọ tẹ́ ẹ sí ẹ̀hìnkùlé ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. A kò jà, a kò bú ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ń se oúnjẹ fún wa, a ń jẹ. Ọjọ́ kẹta, ọmọ náà yọjú, ó san án dé orí kọ́bọ̀. Ẹ lọ tẹ́ ẹní sílé àwọn tó jẹ báńkì ní gbèsè, ká wo bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn á ṣe ṣe yín.

Ọmọ Yaba
Òṣómàáló! Bàbá àgbà mi láti Iléṣà á nífẹ̀ẹ́ yín gan-an, mà. Ìlòṣó ni òun náà fi ń gba owó aṣọ rẹ̀.

Ẹni Tó Ṣiṣẹ́ Báńkì Rí
CBN gbìyànjú òṣómàáló lẹ́ẹ̀kan o. Oṣù Kẹjọ 2009, wọ́n gbé orúkọ àwọn tó jẹ báńkì márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn ní gbèsè sínú ìwé ìròyìn. Gbogbo ọ́fíìsì wa ló rà á. Àwọn kan sáré wá san díẹ̀, àwọn kan lọ gba lọ́yà. Ṣùgbọ́n àárín ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo wa fi sọ ọ́, lẹ́yìn náà a tún padà sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀
Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò fẹ́ sọ òótọ́. Ìgbà tí Sanusi, ọmọ Àríwá, ń yọ ọ̀gá báńkì, ta ni ó yọ? Ará Gúúsù. Wọ́n fẹ́ gba ọrọ̀ lọ́wọ́ wa ni. Àtúnṣe kọ́.

Jẹ́jẹ́ Layé
Ọ̀rẹ́, mo ti ń retí ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí máa dé. Ọ̀gá àgbà Oceanic, Cecilia Ibru, fúnra rẹ̀ ló gbà níwájú adájọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010 pé òun jẹ̀bi. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un, ó sì kó dúkìá tó tó nǹkan bíi ₦191 bílíọ̀nù sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o, bílíọ̀nù. Ṣé Àríwá ló gbé e sí àpò rẹ̀?

Bí ẹ bá sì fẹ́ ká bọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. National Bank tí àwọn ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ ní 1933, tí gbogbo wa fi ń yangàn, Ìgbìmọ̀ Coker jókòó lé e lórí ní 1962, wọ́n ń wádìí bí owó Marketing Board, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ṣe ń wọ inú rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Owó kòkó ni. Owó àwọn bàbá wa.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀
Ìṣèlú ni Coker. Gbogbo ayé mọ̀ pé Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń wá.

Jẹ́jẹ́ Layé
Ìṣèlú wà nínú rẹ̀, n kò jiyàn. Owó náà jáde, ìyẹn náà kò ní àríyànjiyàn. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́.

Tísà Fẹ̀yìntì
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fi àwọn òkú sílẹ̀. Bàbá mi ní pásíbúùkù ní National Bank, ó sì rí owó rẹ̀ gbà. Nígbà tó di 2005, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ Wema. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Jẹ́jẹ́ Layé
Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí ọ̀rọ̀ mi, torí pé ohun kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn nínú gbogbo rẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2011, mẹ́ta nínú àwọn báńkì tó ń ṣàìsàn kò rí ẹni rà wọ́n. CBN gba ìwé àṣẹ Afribank, ti Bank PHB àti ti Spring Bank, wọ́n fi báńkì tuntun mẹ́ta rọ́pò wọn: Mainstreet, Keystone, Enterprise. AMCON, ilé iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2010 láti ra gbèsè burúkú, ló gbé owó sínú wọn. Ẹ wá bá mi tọ ipa wọn.

Mainstreet: Skye Bank rà á ní 2014. Skye fúnra rẹ̀ kú ní oṣù Kẹsàn-án 2018, wọ́n sọ ọ́ di Polaris. Oṣù Kìíní 2024, CBN tú ìgbìmọ̀ olùdarí Polaris ká.

Keystone: wọ́n tà á. Oṣù Kìíní 2024 kan náà, wọ́n tú ìgbìmọ̀ olùdarí tirẹ̀ náà ká.

Enterprise: Heritage rà á. Ọmọ Yaba ti sọ ìyókù fún wa.

Mẹ́ta lọ, mẹ́ta kò bọ̀! Orúkọ ń yí, aṣọ òṣìṣẹ́ ń yí, àwọ̀ ẹnu ọ̀nà ń yí. Ta ló wá ń sanwó rẹ̀? Lọ́dọọdún, báńkì kọ̀ọ̀kan ń san ìlàjì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun ìní rẹ̀ fún AMCON. Ìyá Aláṣọ, ẹ̀yin lẹ ń san án, inú owó tí wọ́n ń yọ nínú àkáǹtì yín lábẹ́ oríṣiríṣi orúkọ ló wà.

Akọ̀wé Owó
N kò lè jiyàn lórí ìtàn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ ohun tí ẹ máa ṣe dípò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ní 2005, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi ₦130. ₦25 bílíọ̀nù ìgbà yẹn tó nǹkan bíi $190 mílíọ̀nù. Nígbà tí àṣẹ tuntun jáde, ₦25 bílíọ̀nù kò tó $20 mílíọ̀nù mọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí báńkì tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò tó owó ilé iṣẹ́ kan máa gba owó ìlú pamọ́? Kódà ₦500 bílíọ̀nù náà kò tó $400 mílíọ̀nù. Náírà ló jẹ ìpìlẹ̀ náà tán. Bí àmù bá ń jò, ẹ dí i, mo gbà. Ṣùgbọ́n àmù tó gbẹ náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Jẹ́jẹ́ Layé
Ó dáa, ìyẹn wọ̀ mí létí díẹ̀. Kí wọ́n gbé e sókè, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ibi tí owó náà ti wá. Lẹ́yìn ti 2005, àwọn kan yá owó lọ́wọ́ báńkì láti fi ra ṣíà báńkì, ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti jẹ́rìí. Kí wọ́n gbé orúkọ olùdarí kọ̀ọ̀kan síta pẹ̀lú iye tí òun àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ jẹ báńkì tirẹ̀. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ẹ̀ka, bí wọ́n ṣe ń lẹ orúkọ mọ́ ògiri ilé ìwé. Kí ọ̀gá báńkì tó ti lo ọdún mẹ́wàá lọ, ìyẹn wà nínú àṣẹ Sanusi ti 2010, kó má sì bọ́ láti orí àga ọ̀gá bọ́ sórí àga alága.

Ẹni Tó Ṣiṣẹ́ Báńkì Rí
Ẹ fi èyí kún un. Ní 2020, wọ́n mú ètò kan wá tí wọ́n ń pè ní GSI. Bí ẹ bá yá owó ní báńkì A tí ẹ kò san án, wọ́n lè fi BVN yín yọ ọ́ ní báńkì B, C, D, láìbéèrè. Ó dára, òṣómàáló orí kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n orí àkáǹtì ẹni kọ̀ọ̀kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kadà tó yá ₦80,000 ni wọ́n kọ́kọ́ rí mú. Orúkọ ilé iṣẹ́ ni ẹni tó jẹ bílíọ̀nù fi jẹ ẹ́. Bí ọ̀kan bá kú, á forúkọ òmíràn sílẹ̀.

Ìyá Aláṣọ Gbági
Ẹ ti rí i pé ẹní tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń mú ọ̀kadà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham
Òyìnbó ya báńkì tó ń gba owó ìyá àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń ta tẹ́tẹ́ ní ọjà ńlá. Láti 2019 ni òfin náà ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn báńkì ńlá wọn. Owó méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé nínú ìkòkò kan.

Akọ̀wé Owó
Àwa náà ṣe irú rẹ̀ ní 2010, a ní kí báńkì ta ilé iṣẹ́ ìdójútòfò àti ti ṣíà wọn, tàbí kí wọ́n fi ilé ńlá kan, tí wọ́n ń pè ní holding company, bo gbogbo rẹ̀. Àwọn kan yan ilé ńlá.

Jẹ́jẹ́ Layé
Yàrá yàtọ̀, òrùlé kan náà. Ẹ ti rí i.

Tísà Fẹ̀yìntì
Akọ̀wé, dárí jì mí, ìbéèrè kékeré ni. Ìwé ṣíà mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Inú agolo mílíìkì ni mo fi í sí, mo sì dè é ní ọ̀rá kí òjò má bàa pa á. Báńkì náà kò sí mọ́ báyìí. Ǹjẹ́ ó ṣì wúlò?

Akọ̀wé Owó
Ó dá lórí bó ṣe lọ, sà. Bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ báńkì mìíràn, ẹ lọ bá ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín. Ó ṣeé ṣe kí ṣíà tuntun díẹ̀ àti èrè ọdún mélòó kan máa dúró dè yín. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ìwé lásán ni. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá bá yín wádìí.

Tísà Fẹ̀yìntì
Ẹ ṣeun. Mo mọ èyí tó jẹ́. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni.